Àbàwọ́n tí Ojú Kò Rí: Èdè-Ìperí fún Ìmójútó Kẹ́míkà nínú Ẹran, Ẹyin, Wàrà àti Ẹja

Ìfáàrà

Orúkọ ní í ro ọmọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n wí nípa ọmọ yìí kan orúkọ tí èdè kan fún ewu pẹ̀lú. Bí orúkọ ewu bá le ju ewu fúnra rẹ̀ lọ, ẹ̀rù yóò ba ará ìlú láìnídìí. Bí orúkọ náà bá sì rọ̀ jù, wọn yóò sùn nígbà tí ó yẹ kí wọ́n la ojú sílẹ̀. Bóyá ni ibi kan wà tí èyí ti hàn tó inú ẹ̀ka ìmọ̀ tí ń yẹ kẹ́míkà wò nínú oúnjẹ tí a rí lára ẹran: ẹran fúnra rẹ̀, ẹyin, wàrà, ẹja àti oyin. Ojú kì í rí àwọn kẹ́míkà wọ̀nyí, imú kì í sábà gbóòórùn wọn, ahọ́n kì í sì í mọ ìgbà tí wọ́n bá kọjá. Ẹni tí ó ra ẹyin ní ọjà gbọ́dọ̀ gbára lé ọ̀rọ̀ ẹni tí ó yẹ ẹyin náà wò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí èdè òyìnbó mìíràn ni olùyẹ̀wò sì máa ń fi kọ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀. Akọ̀ròyìn, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ tí ń bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọwọ́ wọn sì ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dára tàbí tí ó ti ń bàjẹ́.

Àpilẹ̀kọ yìí tọ ipasẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí gbogbo ayé gbọ́, èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m ní 1999, láti fi wo àwọn ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ náà ń béèrè lọ́wọ́ èdè Yorùbá.

Ìṣẹ̀lẹ̀ ti Bẹ́ljíọ̀m

Ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 1999, òróró kan tí kò yẹ kí ó kan oúnjẹ rárá bọ́ sínú ọ̀rá àtúnlò tí a fi ń po oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Irú òróró tí a ń lò nínú tiransifọ́mà iná mànàmáná ni. Kẹ́míkà tí a ń pè ní PCB ni ó kún inú rẹ̀, dáyọ́síìnì sì bá a rìn. Àwọn onímọ̀ tí ó ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà fi yé ni pé gbogbo òróró náà jẹ́ nǹkan bí 100 lítà, àti pé bí a bá fi agbára oró ṣe òṣùwọ̀n, dáyọ́síìnì inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 2. Gíráàmù 2 kò tó iyọ̀ tí ó kún ṣíbí kékeré kan. Síbẹ̀, oko ọ̀sìn tí ó lé ní 2,500 ni ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gba oúnjẹ ẹran tí ọ̀rá náà kàn.

Adìẹ ni ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Nínú oṣù kejì, àwọn àgbẹ̀ ti rí i pé ẹyin tí adìẹ ń yé ń dínkù, àti pé púpọ̀ nínú èyí tí ó yẹ kí ó pa ni kò pa. Ó di oṣù karùn-ún kí a tó mọ orísun ọ̀ràn náà àti bí ó ti tàn kálẹ̀ tó. Ní gbogbo àkókò yìí, ará ìlú ń jẹ adìẹ, wọ́n sì ń jẹ ẹyin. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà hàn sí gbangba, mínísítà ìlera àti mínísítà ọ̀gbìn fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà. Ní ọjọ́ 13 oṣù náà, ẹgbẹ́ tí Jean-Luc Dehaene ṣe olórí ìjọba fún pàdánù nínú ìdìbò. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m fi òfin dá àjọ kan ṣoṣo sílẹ̀ láti máa bójú tó ààbò oúnjẹ láti oko títí dé orí tábìlì.

Báwo ni a ó ti sọ ìtàn yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ tí èdè Yorùbá ni èdè ẹ̀kọ́ rẹ̀? Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ gan-an, èyíinì ni orúkọ ohun tí ó wọ inú ọ̀rá, ti mú àríyànjiyàn wá.

Májèlé, èérí, àṣẹ́kù, àbàwọ́n

Májèlé ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu. Ṣùgbọ́n nínú èdè Yorùbá, májèlé kì í sábà dédé wà. Ẹnìkan ni ó fún ẹlòmíràn jẹ. Bí a bá ní ‘wọ́n fún un ní májèlé’, ọ̀tá ti wà nínú gbólóhùn náà bí a kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ikú sì wà nítòsí. Nítorí náà, ìwé ìròyìn tí ó bá kọ ọ́ pé ‘májèlé wà nínú ẹyin’ ti sọ ohun méjì tí olùyẹ̀wò kò sọ: pé ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, àti pé ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ ti gbé. Ó sàn kí a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ilé ẹjọ́. Oró, ní tirẹ̀, jẹ́ ti ejò, àkeekèé àti agbọ́n; ó wúlò nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa agbára tí kẹ́míkà kan ní láti ṣe ara léṣe, gẹ́gẹ́ bí a ti lo ‘agbára oró’ lókè yìí, ṣùgbọ́n kò tó láti jẹ́ orúkọ kẹ́míkà náà.

Èérí àti ìdọ̀tí ni àwọn mìíràn ń lò. Ewu tiwọn yàtọ̀. Èérí ṣeé fọ̀. Ìyàwó ilé tí ó bá gbọ́ pé èérí wà lára adìẹ yóò fi omi, iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, yóò sì sè é kí ó jinná dáadáa, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni dáyọ́síìnì kò ní bá omi ìfọǹkan lọ, iná ìdáná kò sì ní run ún.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó kù tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ kedere. Àṣẹ́kù ni èkínní. Àgbẹ̀ tí ó fún màlúù rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó sì ní ìdí. Ohun tí ó kù nínú ẹran tàbí wàrà lẹ́yìn tí oògùn náà ti ṣiṣẹ́ tán ni àṣẹ́kù oògùn. Èkejì ni àbàwọ́n. Nínú ìtumọ̀ tí Codex Alimentarius fún un, èyíinì ni ìwé òfin oúnjẹ tí ìgbìmọ̀ tí FAO àti WHO dá sílẹ̀ ní 1963 ń ṣe, àbàwọ́n ni ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ọ́mọ̀ fi sínú oúnjẹ, ṣùgbọ́n tí ó bá ọ̀nà ìpèsè, ìdì, ìkérù tàbí àyíká wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yà ara kòkòrò àti irun eku kò sí lára ohun tí ìtumọ̀ yìí kó mọ́ra. Òróró ti Bẹ́ljíọ̀m jẹ́ àbàwọ́n. Mẹ́kúrì inú ẹja jẹ́ àbàwọ́n. Ohun tí èéfín ń fi sílẹ̀ lára ẹja tí a yan gbẹ lè jẹ́ àbàwọ́n pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ náà ni oró tí èbu ń ṣe sínú àgbàdo, tí màlúù jẹ, tí ó sì tibẹ̀ dé inú wàrà.

Àwọn kan lè ṣàtakò pé ara aṣọ funfun ni àbàwọ́n ti máa ń hàn, nígbà tí ojú kò rí èyí tí à ń wí. Àtakò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi yẹ kí a máa pè é ní ‘àbàwọ́n kẹ́míkà’ ní gbogbo ìgbà tí a bá kọ́kọ́ lò ó nínú ìwé, kí òǹkàwé má baà máa fi ojú wá a kiri.

Ìkìlọ̀ kan tún yẹ nípa ‘apakòkòrò’. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún oògùn tí àgbẹ̀ ń fọ́n sí oko kòkó àti fún oògùn tí dókítà ń fi pa kòkòrò àrùn. Àwọn méjèèjì ń fi àṣẹ́kù sílẹ̀ nínú oúnjẹ, ṣùgbọ́n òfin wọn yàtọ̀, ewu wọn sì yàtọ̀. ‘Apakòkòrò oko’ àti ‘apakòkòrò àrùn’ yóò fi ìyàtọ̀ náà hàn láìsí wàhálà.

Ìkójọ nínú ara

Dáyọ́síìnì kì í yòrò nínú omi; inú ọ̀rá ni ó ń wọ̀ sí. Ara ènìyàn kì í sì í tètè lé e jáde: ọdún 7 sí 11 ni WHO fojú dá pé ó ń gbà kí èyí tí ó ti wọlé tó dín sí ìdajì. Ìdí nìyí tí a fi ń ka iye rẹ̀ lórí gíráàmù ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, tí a kì í sì í kà á lórí ẹyin tàbí ìwọ̀n wàrà. Olùtumọ̀ tí ó bá fo ‘ọ̀rá’ nínú gbólóhùn náà ti yí iye náà padà pátápátá, nítorí ìwọ̀nba ọ̀rá ni ó wà nínú ẹyin kan.

Àwọn kan ti ń pe ìwà yìí ní ‘ìkójọ nínú ọ̀rá’. Fún dáyọ́síìnì, ó tọ́. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ orúkọ gbogbogbòò. Ní Minamata ní ilẹ̀ Japan, níbi tí a ti kéde àìsàn kan ní 1956, mẹ́kúrì tí ilé iṣẹ́ kan ń dà sínú òkun wọ inú ẹja àti ìṣáwùrú òkun, ó sì ti ibẹ̀ wọ inú ológbò àti ènìyàn. Ó di 1968 kí ilé iṣẹ́ náà tó dáwọ́ dúró. Ara purotéènì ni irú mẹ́kúrì yìí ń lẹ̀ mọ́, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹni tí a bá kọ́ pé ọ̀rá nìkan ni àbàwọ́n ń kó jọ sí yóò rò pé bí òun bá gé ọ̀rá ẹja sọnù, òun ti bọ́. Fún ìdí èyí, ‘ìkójọ nínú ara’ ni ó yẹ fún gbogbo wọn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹja ńlá jẹ ẹja kékeré, tí iye náà ń ga láti ẹnu dé ẹnu, ‘ìpọ̀sí lórí ẹ̀wọ̀n oúnjẹ’ ni kí a pè é.

Gbèdéke àti ìwọ̀n ojúmọ́

Ohun méjì ni a máa ń dàpọ̀ níhìn-ín. Èkínní ni iye tí ènìyàn lè jẹ lójoojúmọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ láìsí ewu tí ó hàn. A lè pè é ní ‘ìwọ̀n ojúmọ́ aláìléwu’. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí FAO àti WHO jọ gbé kalẹ̀ ní 1956 wà lára àwọn tí ń ṣe ìṣirò rẹ̀. Wọ́n á wo iye tí ó pọ̀ jù tí ẹranko jẹ nínú àyẹ̀wò tí nǹkan kan kò ṣe é, lẹ́yìn náà wọn a sábà pín in sí ọ̀nà 100: 10 nítorí pé ènìyàn kì í ṣe eku, 10 mìíràn nítorí pé ara ọmọdé, aláboyún àti arúgbó kò rí bákan náà.

Èkejì ni ‘gbèdéke’, iye tí òfin sọ pé kò gbọdọ̀ kọjá nínú oúnjẹ kan pàtó. Gbèdéke kì í ṣe ààlà láàárín ìyè àti ikú. Ẹyin tí ó fi díẹ̀ kọjá rẹ̀ kì í ṣe ẹyin ikú, ṣùgbọ́n kò yẹ ní títà, ó sì jẹ́ àmì pé nǹkan kan ti yẹ̀ níbì kan. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í lo gbèdéke fún dáyọ́síìnì ní oṣù keje 2002: pikogíráàmù 3 nínú gíráàmù ọ̀rá ẹyin tàbí wàrà kan, 2 fún adìẹ, 1 fún ẹlẹ́dẹ̀. Pikogíráàmù kan ni ìdá kan nínú tírílíọ̀nù gíráàmù. Wọ́n ti tún àwọn gbèdéke náà ṣe láti ìgbà náà. Bí ti ẹlẹ́dẹ̀ ṣe kéré jù kò túmọ̀ sí pé ẹlẹ́dẹ̀ léwu jù. Ìwọ̀n tí a sábà ń bá lára ẹran kọ̀ọ̀kan ni a wò kí a tó fa ìlà náà.

Níbi tí oògùn kan kò bá ní gbèdéke ni ìtumọ̀ ti léwu jù. Chloramphenicol jẹ́ àpẹẹrẹ. Nítorí pé ó lè mú kí mùdùnmúdùn egungun àwọn ènìyàn díẹ̀ ṣíwọ́ ẹ̀jẹ̀ ṣíṣe, tí kò sì sí iye kan tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu, Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin dè é nínú ẹran tí a ó jẹ ní 1994. Bí olùtumọ̀ bá wá kọ ọ́ pé oògùn yìí ‘kò ní gbèdéke’, ohun tí àgbẹ̀ yóò gbọ́ ni pé kí òun lo iye tí ó bá wu òun. Òdìkejì òfin ni ó gbọ́ yẹn. Èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu tipẹ́: èèwọ̀. ‘Oògùn eléèwọ̀’ kò nílò àlàyé kankan fún ẹni tí a bí ní ilẹ̀ Káàárọ̀-o-ò-jí-ire.

Ọjọ́ ìdúródè

Láàárín ọjọ́ tí a fún ẹran ní oògùn kẹ́yìn àti ọjọ́ tí a lè pa á, tàbí tí a lè ta wàrà tàbí ẹyin rẹ̀, ọjọ́ kan wà tí òfin là sílẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ lórúkọ láti ìhà oògùn tí a dáwọ́ rẹ̀ dúró. Èdè Faransé àti Jámánì sọ ọ́ lórúkọ láti ìhà ẹni tí ń dúró. Bí a bá tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì tí a pè é ní ‘àkókò ìjáwọ́’, àgbẹ̀ lè rò pé bí òun bá ti jáwọ́, iṣẹ́ ti parí. Bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ó jáwọ́ gan-an ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. ‘Ọjọ́ ìdúródè’ ni ó sọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Ti ẹyin tún gba sùúrù ju bí a ti rò lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni pupa ẹyin fi ń dàgbà nínú adìẹ. Oògùn tí ó ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lè ṣì wà nínú ẹyin tí a kò tí ì yé.

Àbùwò, asẹ́ àti ìfìdímúlẹ̀

Kò sí ẹni tí ó lè yẹ gbogbo ẹyin orílẹ̀-èdè kan wò. Ìwọ̀nba ni a ń bù. ‘Àpẹẹrẹ’ ni ọ̀pọ̀ ìwé ń pe ohun tí a bù yìí, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ ni ohun tí ó yẹ ní àfarawé. ‘Àbùwò’ ṣe tààrà: a bù ú, a sì wò ó.

Àyẹ̀wò dáyọ́síìnì gbówó lórí, ó sì ń pẹ́. Ní Bẹ́ljíọ̀m, ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kọ́kọ́ wá irú PCB 7 tí a fi ṣe atọ́ka. Bí iye wọn bá kọjá máíkírógíráàmù 0.2 nínú gíráàmù ọ̀rá adìẹ, màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀, tàbí 0.1 nínú ti wàrà, ìgbà náà ni wọ́n ń yẹ irú dáyọ́síìnì 17 wò. Nígbà tí ọdún náà fi parí, àyẹ̀wò PCB ti lé ní 55,000, ti dáyọ́síìnì sì jẹ́ bíi 500. Ìyá tí ń jọ èlùbọ́ mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Nítorí náà a lè pe èkínní ní ‘àyẹ̀wò asẹ́’, kí a sì pe èkejì ní ‘àyẹ̀wò ìfìdímúlẹ̀’.

Irú àṣìṣe méjì ni asẹ́ lè ṣe, àwọn ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ sì wúlò fún wọn. Bí ó bá mú ẹyin tí kò ní ẹ̀bi, ‘ẹ̀sùn èké’ ni. Ìfìdímúlẹ̀ yóò dá ẹyin náà sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kí ẹyin tí ó ní àbàwọ́n kọjá, ‘ìdáláre èké’ ni, ẹnikẹ́ni kò sì ní tún padà yẹ ẹyin náà wò. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò asẹ́ fi gbọ́dọ̀ le mọ́ ìdáláre èké ju bí ó ti le mọ́ ẹ̀sùn èké lọ.

Atọ́ka náà ní ààlà tirẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀m nítorí pé inú òróró kan náà ni PCB àti dáyọ́síìnì ti wá. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí àṣírí tú ní 2008, nàítírójìn ni a fi ń ṣe atọ́ka purotéènì inú wàrà. Àwọn oníjìbìtì da mẹlamíìnì, tí nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ nàítírójìn, sínú wàrà tí wọ́n ti fi omi là. Atọ́ka náà ní wàrà pé. Ọmọdé tí iye wọn tó nǹkan bí 300,000 ṣàìsàn, 6 sì kú. Níbi yìí, ohun tí wọ́n da sínú wàrà kì í ṣe àṣẹ́kù, kì í sì í ṣe àbàwọ́n gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ Codex ṣe là á sílẹ̀, nítorí pé a mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni. Àbùlà ni, ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlẹ́mu ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìmójútó

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Alákàn kì í dúró di ìgbà tí ewu bá dé kí ó tó na ojú sókè. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ‘ìbẹ̀wò’ àti ‘ìmójútó’ nìyí: ìbẹ̀wò ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń lọ, ìmójútó kì í dáwọ́ dúró, ó sì ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Òfin kan tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 1996, tí a ti fi òmíràn rọ́pò báyìí, pín ohun tí a ń ṣọ́ sí ìsọ̀rí méjì: èkínní, àwọn oògùn amẹ́ranságbára àti àwọn oògùn eléèwọ̀, èkejì, àwọn oògùn tí òfin gbà láàyè àti àwọn àbàwọ́n.

Olùtumọ̀ gbọ́dọ̀ kíyè sí irú àbùwò tí a lò. ‘Àbùwò ìfura’ ni èyí tí a bù níbi tí a ti ń fura sí ẹ̀ṣẹ̀. ‘Àbùwò àìṣàyàn’ ni èyí tí gbogbo ẹran orílẹ̀-èdè ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sí. Bí a bá rí àbàwọ́n nínú 5 lára 100 àbùwò ìfura, a kò lè sọ pé 5 nínú 100 ẹran tí ó wà lọ́jà ni ó ní àbàwọ́n. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rù tí kò nídìí ni ó ti ibi àìmọ ìyàtọ̀ yìí wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé. Ní 1988, a bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí kẹ́míkà láti ilẹ̀ Ítálì ní Koko, ní Ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà; PCB wà lára ohun tí a sọ pé ó wà nínú wọn. Ní 1993 ni òfin dá NAFDAC sílẹ̀ ní Nàìjíríà láti máa bójú tó oúnjẹ àti oògùn. Kò sí òfin tí yóò ṣiṣẹ́ bí àgbẹ̀, alápatà àti ẹlẹ́ran kò bá gbọ́ ohun tí ó ń wí.

Ìkádìí

Iṣẹ́ èdè-ìperí Yorùbá kì í ṣe tuntun. Ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé a lè fi èdè náà kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, ṣe iṣẹ́ ńlá fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Kẹ́míkà inú oúnjẹ kò sí nínú ohun tí ìwé náà dáwọ́ lé.

Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, fífọ́ ní í fọ́. Olóòtú tí ó fẹ́ kọ ọ́ pé ‘Wọ́n ti rí májèlé nínú ẹyin’ lè fi àwọn ọ̀rọ̀ tí a yẹ̀ wò níhìn-ín kọ ọ́ báyìí: ‘Àyẹ̀wò asẹ́ fi hàn pé àbàwọ́n kẹ́míkà inú àbùwò ẹyin láti oko kan ti kọjá gbèdéke. Wọ́n ti dá ẹyin oko náà dúró. Àyẹ̀wò ìfìdímúlẹ̀ ń lọ lọ́wọ́.’ Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n oníṣòwò yóò mọ ẹyin tí kò gbọdọ̀ tà, ìyá ọlọ́mọ yóò mọ èyí tí kò gbọdọ̀ rà, àgbẹ̀ tí kò ṣẹ̀ kò sì ní rí i kí wọ́n wá dáná sun oko rẹ̀.